Àpótí Tí Kò Jóná

Maṣíìnì náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ó ṣì wà lórí tábìlì kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ara ọkọ̀, òwú aláwọ̀ ewé ṣì wà lójú abẹ́rẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ ti yọ́, ó sì ti ṣàn dé etí tábìlì bí àbẹ́là. Lára aṣọ funfun tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ náà, lẹ́tà mẹ́rin péré ló ti jáde nínú orúkọ ẹni tó ni aṣọ. Ìdí lẹ́tà karùn-ún ni iná ti bú jáde, ibẹ̀ náà sì ni ọwọ́ ọ̀tún obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ wà.

Ìyá Fíúsì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún nàró. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni obìnrin yìí, ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, ojú rẹ̀ kì í sì í fi nǹkan kékeré sílẹ̀. Kó tó wọṣẹ́ ọlọ́pàá, iṣẹ́ iná mànàmáná ló kọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Fíúsì, ìdí nìyẹn náà tó fi jẹ́ pé òun ni wọ́n máa ń rán síbi tí iná bá ti ṣe ènìyàn léṣe.

Ọkọ̀-ilé ni wọ́n dúró sí nínú rẹ̀, irú ọkọ̀ tó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù, fíríìjì àti ilé ìwẹ̀, tí tọkọtaya lè fi ṣe ilé kí wọ́n sì máa gbé e kiri. Mẹ́sàn-án irú rẹ̀ ló wà nínú ọgbà náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òpó iná kékeré tirẹ̀, tó ga dé ìbàdí, níbi tó ti ń fa iná. Láàárín òpó àti ọkọ̀, wọ́n máa ń so àpótí kan tí wọ́n ń pè ní adáàbò, kí iná tó bá ga jù má baà rọ́nà wọlé ba nǹkan jẹ́.

Lánàá, ọkọ̀ akẹ́rù kan fa wáyà já níta ọgbà, iná sì lọ. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ dá iná padà lẹ́yìn aago mẹ́rin, wọn kò tíì so niútírà dáadáa, ìyẹn wáyà tí iná máa ń gbà padà. Iná tó wọ ọgbà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tó yẹ. Kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀ mẹ́jọ, adáàbò wọn ti sé ọ̀nà mọ́ ọn. Ọ̀kan ṣoṣo yìí ló jó.

Àpótí adáàbò tó wà lára òpó tirẹ̀ ńkọ́? Ó ń dán gbinrin. Kò rùn, kò yọ́, kò dúdú níbì kan.

"Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ yìí ò gùn rárá," Sájẹ́ǹtì tó bá a wá sọ. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ń dún lọ́wọ́ rẹ̀, ara rẹ̀ ò gbà á kó fi sápò. "Ayédèrú ni wọ́n so mọ́ òpó fún wọn. Ẹni tó yàn án, tó sì so ó, òun la máa mú. Ọwọ́ obìnrin ló bàjẹ́ yẹn. Wọ́n á gba ìwé-àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, á tún ṣẹ̀wọ̀n."

"Ta lẹni náà?"

"Oníná ọgbà. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é."

Kí a má purọ́, inú Ìyá Fíúsì dùn.

Ó dùn débi pé ó ní láti yí ojú sí fèrèsé kí Sájẹ́ǹtì má baà rí i. Lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà ni òun àti Jẹ́jẹ́ ti kọ́ṣẹ́. Òun ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ọdún mẹ́fà ló lò. Jẹ́jẹ́ lo mẹ́ta. Ọjọ́ tí Bàbá Oníná fẹ́ fẹ̀yìn tì, ó yọ tẹ́sítà rẹ̀ onígi pupa lápò, èyí tó ti fi yẹ iná wò láti ìgbà èwe rẹ̀, ó sì nà án sí Jẹ́jẹ́ níṣojú gbogbo ọmọṣẹ́. "Ọwọ́ tìẹ ló balẹ̀ jù," ni bàbá wí. Ìyá Fíúsì pàtẹ́wọ́ bíi tàwọn yòókù. Kí ọdún náà tó parí, ó ti lọ forúkọ sílẹ̀ níṣẹ́ ọlọ́pàá. Ó ti di ọdún méjìlélógún báyìí, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi í pé iṣẹ́ ọlọ́pàá ló wu òun. Irọ́ gbuu ni.

Ohun kan tún wà nílẹ̀ tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Oṣù mẹ́ta ló kù kí òun náà fẹ̀yìn tì, ó sì ti ra ọkọ̀-ilé kékeré àlòkù kan sẹ́yìnkùlé rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bi nípa adáàbò ló ń kọ orin kan náà: lọ bá Jẹ́jẹ́, kó bá ọ yàn án. Jẹ́jẹ́, Jẹ́jẹ́, Jẹ́jẹ́! Ó kọ̀. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, ó mú èyí tó sún mọ́ ọwọ́ jù, aláwọ̀ ọsàn kan tó fúyẹ́ bíi páálí, ó sì gbé e lọ sílé pẹ̀lú ìgbéraga.

"Jẹ́ ká lọ bá a," ó sọ.

Jẹ́jẹ́ jókòó sórí kíréètì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ó ká ọwọ́ lé orúnkún. Irun rẹ̀ ti ń funfun, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ tónítóní. Bó ṣe rí wọn ló dìde.

"Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Iṣẹ́ ni mo bá wá. Má pè mí ní Ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá."

Ìyẹn náà tún bí i nínú. "Ṣé ìwọ lo yan àpótí yìí?"

"Èmi ni. Ó ti tó oṣù mẹ́fà. Bàbá tó ni ọkọ̀ yìí ti kọ́kọ́ ra òmíì, àmọ́ èyí tí wọ́n rà yẹn, iná tó bá kàn ta wìì bíi ti mànàmáná tó sì lọ, ìyẹn nìkan ló lè gbà mọ́ra. Tíná bá ga tó sì dúró síbẹ̀, á jóná ni, á sì jẹ́ kó kọjá. Èyí tí mo yàn ń ṣọ́ iná látàárọ̀ dalẹ́. Ó ń yẹ wáyà wò bóyá wọ́n so ó dáadáa. Tí nǹkan ò bá tọ́, á já iná fúnra ẹ̀."

"Kí ló dé tí ò já a lánàá?"

"Mi ò mọ̀, Ọ̀gá. Mo ti rò ó títí, orí ń fọ́ mi."

Ìyá Fíúsì tẹ ìka mọ́ àpótí náà. "Ǹjẹ́ ọ̀nà ẹ̀yìn wà tí iná fi lè kọjá láì gba ojú ibi ìṣọ́ ẹ̀?"

"Ó wà. Súìṣì kan wà nínú ẹ̀ lọ́hùn-ún, fún ìgbà tí ibi ìṣọ́ bá bàjẹ́."

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀?"

Jẹ́jẹ́ fọwọ́ kan àpò rẹ̀. "Èmi nìkan ni."

Sájẹ́ǹtì húkọ́, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dún. Ọkàn Ìyá Fíúsì fò sókè fáyọ̀. Ó kúnlẹ̀ ti òpó, ó wo ìdérí àpótí náà láti òkè délẹ̀. Síkúrù mẹ́rin ló dè é pa. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti kán ọ̀dà pupa sí, kí ó lè máa sán tí ẹnikẹ́ni bá tú u. Ó fi èékánná ha á. Ọ̀dà ti gbẹ láti ọjọ́ pípẹ́, eruku ti bò ó, kò sì sí èyí tó sán. Ẹnikẹ́ni ò ṣí àpótí yìí láti oṣù mẹ́fà.

Ọ̀nà yẹn ti dí nìyẹn. Ó dùn ún wọ egungun.

Ó wá rí wáyà. Okùn ni wọ́n fi so àpótí àti wáyà pọ̀ mọ́ òpó, okùn tó le koránkorán, wáyà sì gba inú rẹ̀ lọ tààrà wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìyá Fíúsì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ohun àkọ́kọ́ tí Bàbá Oníná fi ń kọ́ ọmọṣẹ́ ni pé kí wọ́n fún wáyà níkùn. Ó gbọ́dọ̀ rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí omi òjò lè kán sílẹ̀ nídìí ikùn náà dípò kó wọlé. Ọmọṣẹ́ tó bá gbàgbé, bàbá á gbá a lọ́wọ́.

"Ṣé bó o ṣe ń so wáyà nìyí? Láìní ikùn?"

Jẹ́jẹ́ tẹ̀ síwájú, ó wò ó, ojú rẹ̀ yí padà. "Ọ̀gá, èmi kì í—"

"Pa ẹnu ẹ mọ́."

Ó yọ ìwé, ó kọ ọ́ pé oníná náà jẹ́ aláìbìkítà, ó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Sájẹ́ǹtì ti ń bá okùn náà jà ní tirẹ̀, kó lè tú àpótí gbé lọ sí àgọ́. Ó fà á síhìn-ín, ó fà á sọ́hùn-ún, okùn kò gbà. Jẹ́jẹ́ bá a dán an wò, òun náà jáwọ́.

"Mi ò mọ irú ìdì yìí," ó sọ.

"Ẹ fi sílẹ̀," ni Ìyá Fíúsì wí. "A máa tú u tó bá yá."

Ọkọ obìnrin tó fara pa jókòó sábẹ́ tapólì tó ta síwájú ọkọ̀. Ọkùnrin gìrìwò ni, ọgbọ̀n ọdún ló fi wa ọkọ̀ akẹ́rù, Tirélà sì ni gbogbo ọgbà ń pè é. Kò tíì fá irùngbọ̀n. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Báwo lara ìyàwó yín?"

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀ lọ́sibítù ni. Dókítà ní ìka méjì lè má mú abẹ́rẹ́ mọ́." Ó nu imú. "Ẹ ti mú ọ̀gbẹ́ni yẹn?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa?"

"Ta ni ò ní mọ̀ ọ́n? Ìyàwó mi ò mọ gbólóhùn míì ju 'Jẹ́jẹ́ sọ pé' lọ. Mo bá fẹ́ se omi, 'Jẹ́jẹ́ sọ pé ká má tan kẹ́tùlù àti sítóòfù pọ̀.' Gílóòbù bá kú, 'Ẹ fi sílẹ̀, Jẹ́jẹ́ ń bọ̀.' Èmi tí mo tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ lójú títì nínú òjò, tí mo sì tún un tò! Gílóòbù lásán!"

"Adáàbò ńkọ́?"

"Èmi ra tèmi kí wọ́n tó pè é. Ó gbé e lọ́wọ́ báyìí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, 'Bàbá, ẹ ṣeun, àmọ́ kò ní tó.' Níwájú ìyàwó mi! Obìnrin náà wá yíjú sí i, ó ní, 'Ẹ̀yin lẹ mọṣẹ́.'" Tirélà sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn obìnrin, kò sì dùn létí. "Ẹ ò sì mọ ìyà tí àpótí ẹ̀ fi ń jẹ mí. Iná á dé, gílóòbù ẹnu ọ̀nà ọgbà á ti tàn, èmi á jókòó máa retí. Á máa ṣẹ́jú sí mi, pupa, pupa, pupa, kó tó yọ̀ǹda fún mi. Nínú ilé èmi fúnra mi!"

Ìyá Fíúsì mọ bó ṣe máa ń rí kéèyàn máa payín keke sọ orúkọ ẹni kan ṣáá. Ó mọ̀ ọ́n jù. Ó yára ṣí ojú ewé míì.

"Lánàá, níbo lẹ wà?"

"Lẹ́yìn ọkọ̀, mò ń nu kẹ̀kẹ́ mi. Mo gbọ́ igbe, mo sáré wọlé, mo pa iná, mo gbé e digbà-dìgbà lọ sọ́sibítù."

"Ẹ ò fọwọ́ kan òpó?"

"Kí ni mo fẹ́ fi òpó ṣe? Ọwọ́ ìyàwó mi ń jó."

Inú ọkọ̀ tó tẹ̀ lé tiwọn ni wọ́n ti bá obìnrin náà. Màmá Tíṣà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ló gbà á sọ́dọ̀, ó sì ń fi ṣíbí fún un ní tíì mu nítorí ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì dì bámúbámú. Aránṣọ ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Orúkọ àti òdòdó ló máa ń fi maṣíìnì yẹn yà sára aṣọ, iṣẹ́ náà ló sì ń bọ́ ọ.

"Kì í ṣe Jẹ́jẹ́," ló kọ́kọ́ sọ kí wọ́n tó bi í. "Ọkọ mi ní kí n fọwọ́ síwèé ẹ̀sùn. Mo ní ọwọ́ wo?"

"Ẹ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún wa."

"Iná ò tíì lọ láti bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú lánàá. Mo ti gbé aṣọ sórí maṣíìnì, mò ń retí ẹ̀. Mo ṣì ń ro bí mo ṣe máa dúró fún un, ó ti tàn. Mo tiẹ̀ dúpẹ́ pé ó yá lánàá. Mo tẹ̀ ẹ́, ó sáré kọ lẹ́tà mẹ́rin." Ó wo báńdéèjì.

"Ó yá lánàá," Ìyá Fíúsì rọra tún un wí.

"Ó yá dáadáa," Màmá Tíṣà gbà á lẹ́nu rẹ̀. Aago kékeré kan wà lọ́rùn rẹ̀, kì í sì í sọ ìtàn láì wò ó. "Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Mo ń wo gílóòbù ẹnu ọ̀nà ọgbà, nítorí òun ló máa ń kọ́kọ́ tàn. Ó tàn yòò, ó funfun ju bó ṣe máa ń ṣe lọ, ó sì fọ́ pàrà. Lẹ́ẹ̀kan náà ni rédíò wọn pariwo. Èmi ṣì jókòó, mò ń dúró de tèmi tí ò dé mọ́. Kò tó ìdajì ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà tí ọmọ yìí fi ké."

"Ẹ dá a lójú? Lẹ́ẹ̀kan náà ni rédíò dún?"

"Ìwọ ọmọ yìí, ọdún márùndínlógójì ni mo fi lu agogo iléèwé."

Ìyá Fíúsì jáde láì dágbére. Sájẹ́ǹtì ń sá tẹ̀ lé e.

"Wọ́n ti tún wáyà ìta ṣe, àbí?" Ìyá Fíúsì bi Jẹ́jẹ́ nídìí òpó.

"Láàárọ̀ yìí."

"Yá mi ní tẹ́sítà ẹ."

Jẹ́jẹ́ yọ ọ́ lápò. Onígi pupa ni. Igi náà ti ń ṣí lápá kan, ẹnìkan sì ti fi ọ̀dà tún un kùn tìfẹ́tìfẹ́. Ìyá Fíúsì gbà á, àtàǹpàkò rẹ̀ sì bọ́ sójú ibi tí ti Bàbá Oníná ti jẹ wọlé. Ó yẹ òpó wò, iná wà. Ó fa wáyà àpótí yọ kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó tún tì í bọ ibẹ̀ padà.

Àtùpà kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lára àpótí náà, pupa, pupa, pupa. Nínú ọkọ̀, kò sí ohun tó tàn.

"Ó ti bàjẹ́!" ni Sájẹ́ǹtì pariwo.

"Dákẹ́ ná, máa ka ìṣẹ́jú."

Wọ́n dúró. Ẹyẹ kan bà lé orí òpó kejì, ó tún fò lọ. Ìṣẹ́jú kan kọjá. Ìkejì kọjá. Nígbà tí Sájẹ́ǹtì ti fẹ́ máa ráhùn, àpótí náà dún kọ́, àtùpà rẹ̀ di àwọ̀ ewé, gílóòbù sì tàn nínú ọkọ̀.

"Ìṣẹ́jú méjì àti ààbọ̀ dín díẹ̀," Sájẹ́ǹtì sọ. "Kí ló ń dúró ṣe?"

"Ó ń yẹ iná wò kó tó gbà á wọlé," ni Jẹ́jẹ́ dáhùn. "Kò sígbà tí ò ní dúró."

"Kò sígbà tí ò ní dúró," ni Ìyá Fíúsì wí. "Àmọ́ lánàá, kò dúró rárá. Iná wọlé lójú ẹsẹ̀. Obìnrin náà tiẹ̀ dúpẹ́ pé ó yá. Sájẹ́ǹtì, àpótí yìí ò jóná nítorí pé kò sí níbí nígbà tí iná dé. Òmíì ló wà níbí. Lẹ́yìn ìjàǹbá ni wọ́n gbé èyí padà."

Ó fi wọ́n sílẹ̀, ó rìn lọ sídìí òpó kejì. Wáyà tibẹ̀ rọ̀, ó níkùn, téèpù dúdú ni wọ́n sì fi dè é. Ó lọ sí ìkẹta. Ikùn, téèpù dúdú. Òpó mẹ́jọ ló yí ká, ní mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni wáyà ti níkùn bí Bàbá Oníná ṣe fẹ́ ẹ, gbogbo wọn dọ́gba. Okùn ò sí lára ọ̀kankan.

Ìtìjú mú un níbi tó dúró sí. Ọ̀rọ̀ yìí ni Jẹ́jẹ́ fẹ́ sọ nígbà tí òun pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ̀rí tó lè gba ọkùnrin náà sílẹ̀ wà níwájú òun láti àárọ̀, òun sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀sùn, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni òun fẹ́ kó rí. Díẹ̀ ló kù kí òun ran ẹni tó ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ lọ sẹ́wọ̀n, nítorí tẹ́sítà onígi.

Nígbà tó ń padà bọ̀, ó gba ẹ̀yìn ọkọ̀ Aránṣọ. Kẹ̀kẹ́ kan wà níbẹ̀, wọ́n fi okùn dè é mọ́ ọkọ̀. Okùn náà le koránkorán. Wọ́n yí i po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fi orí rẹ̀ há abẹ́ ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn awakọ̀ ẹrù ṣe ń di tapólì mọ́ ẹrù tí yóò rin ìrìn àjò ọ̀sẹ̀ kan.

"Bàbá," ó ké sí Tirélà, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tú okùn ìdí òpó yìí. Sájẹ́ǹtì ti fi já èékánná."

Tirélà dìde, ó ń kùn. Ó na ọwọ́ sí okùn láì wò ó, ó fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Okùn tú pátápátá, ó sì já bọ́ sílẹ̀.

Tirélà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wo okùn nílẹ̀, ó wo Jẹ́jẹ́. Ó rọra jókòó sórí kíréètì.

"Sájẹ́ǹtì," ni Ìyá Fíúsì wí, "wo abẹ́ ìjókòó awakọ̀. Ibẹ̀ làwọn awakọ̀ máa ń kó ohun tí wọn ò fẹ́ kéèyàn rí sí."

Sájẹ́ǹtì bọ́ sínú ọkọ̀, ó sì jáde pẹ̀lú ohun kan tí wọ́n fi àkísà wé. Ó tú u. Aláwọ̀ ọsàn ni, ó fúyẹ́ bíi páálí, ìdajì rẹ̀ sì ti yọ́ pọ̀ mọ́ wáyà. Ìyá Fíúsì dá a mọ̀. Irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ ló wà nílé òun.

"Ó ti di ọjọ́ mélòó tẹ́ ẹ ti pààrọ̀ ẹ̀?"

"Ọjọ́ mọ́kànlá." Ohùn Tirélà kéré ju ara rẹ̀ lọ. "Mo fẹ́ kó pé oṣù kan ni. Oṣù kan péré. Mo máa wá mú un lọ́wọ́ wá síbí, mo máa ní, wò ó, tèmi ló ń dáàbò bò ẹ́ láti oṣù kan, o ò tiẹ̀ mọ̀. Kó lè bojú wò mí bó ṣe ń wo… Mi ò fẹ́ kóhun kan ṣe é. Ẹ gbà mí gbọ́."

"Mo gbà yín gbọ́. Ìgbà wo lẹ gbé ti Jẹ́jẹ́ padà?"

"Nírọ̀lẹ́, nígbà tí mo wá mú aṣọ tó máa wọ̀ lọ́sibítù. Mo rí tèmi tó ti yọ́. Ẹ̀rù bà mí."

"Ẹ wá gbọ́ pé Jẹ́jẹ́ ni wọ́n fẹ́ mú."

Tirélà fi ọwọ́ méjèèjì bojú. "Inú mi dùn," ó sọ. "Ọlọ́run má ṣe bínú sí mi. Ọwọ́ ìyàwó mi jó, inú mi sì tún dùn."

Ìyá Fíúsì ò lè wò ó. Ọ̀rọ̀ ẹnu òun gan-an ni ọkùnrin yìí sọ.

Kò sẹ́ni tó mọ̀gbà tí Aránṣọ dé ẹ̀yìn wọn. Màmá Tíṣà dì í mú ní ìgbọ̀nwọ́. Ó dúró síwájú ọkọ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ tó wà nínú báńdéèjì síwájú àyà.

"Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ra tiyín," ó sọ, "inú mi dùn sí i. Ẹ ò mọ̀. Ẹ gbé e dé, ẹ ní ó dára, ó parí. Ẹ ò bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi iná ṣe. Òun ló bi mí. Ìyẹn nìkan ló fi jù yín lọ, Bàbá. Ó bi mí léèrè."

Tirélà fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ méjèèjì sí Sájẹ́ǹtì. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó ti ń dún láti àárọ̀ wá há sọ́wọ́ ẹlòmíì, inú Sájẹ́ǹtì pàápàá ò sì dùn sí i mọ́.

Nígbà tí ọkọ̀ ọlọ́pàá ti gbé wọn lọ, Ìyá Fíúsì jókòó sórí kíréètì, ó sì ṣí ìwé rẹ̀. Ó fa ọ̀rọ̀ tó ní ìlà méjì lábẹ́ ya, ewé náà gan-an ló fà ya. Ó kọ òmíì: oníná náà kò jẹ̀bi, iṣẹ́ rẹ̀ péye. Ó buwọ́ lù ú. Jẹ́jẹ́ ń so àpótí padà mọ́ òpó pẹ̀lú téèpù dúdú, ó ń fún wáyà níkùn.

"Gba tẹ́sítà ẹ," Ìyá Fíúsì sọ fún un.

Jẹ́jẹ́ gbà á, kò fi sápò. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rò pé èmi ni, àbí?"

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kó jẹ́ ìwọ ni."

Ọkùnrin náà wo igi pupa tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Látìgbà yẹn?"

"Látìgbà yẹn."

Kò sọ pé kò burú. Kò sì bínú. Ó fa kíréètì kejì, ó sì jókòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyá Fíúsì mọ̀ pé tí òun bá dìde báyìí, òun ò ní lè sọ ọ́ mọ́ títí ayé.

"Mo ní ọkọ̀-ilé kékeré kan lẹ́yìnkùlé mi," ó sọ, ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀. "Aláwọ̀ ọsàn ni mo rà fún un. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ìwọ ni mo máa bi. Bá mi yan èyí tó dáa, jọ̀ọ́."

Jẹ́jẹ́ ò rẹ́rìn-ín, kódà kò rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó yọ pẹ́ńsù létí, ó wá bébà kan lápò, ó sì tẹ́ ẹ sórí itan.

"Ó dáa, Ẹ̀gbọ́n," ó sọ. "Kí lẹ fẹ́ fi iná ṣe níbẹ̀?"